Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Èéfín Inú Ilé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ìwé wa tó jáde gbẹ̀yìn, mo kàn fẹnu bà á pé èéfín ilé ìdáná wà lára ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè, ìlà kan péré ni, àfi bí lẹ́tà ṣe ń ya wá látìgbà náà, inú ń bí àwọn kan, ẹ̀rù ń ba àwọn kan, ẹnì kan tiẹ̀ ní ṣé kí òun wá máa fi omi tútù ro àmàlà ni. Ó dáa, ọ̀rọ̀ èéfín náà la máa sọ lónìí. Mo gé àwọn lẹ́tà tó gùn, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Iléṣà ni mò ń gbé, gàrí ni mò ń dín tà ní ọjà Atákúmọ̀sà, igi ni mo fi ń dín in, ẹ̀yìn ilé ni ilé ìdáná wa wà. Ọmọ mi obìnrin, ọdún kan àbọ̀, ó ti ṣe òtútù àyà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí wọ́n dá wa dúró, nọ́ọ̀sì kan wá bi mí bóyá mo máa ń pọ̀n ọ́n tí n bá ń dáná. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ni n bá gbé e fún? Ìyá ọkọ mi ní irọ́ ni nọ́ọ̀sì ń pa, pé inú èéfín làwọn ti tọ́ ọkọ mi àti àwọn àbúrò ẹ̀, èéfín ò pa ìkankan. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Ìyá Gàrí, Iléṣà

Èsì: Ìyá Gàrí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ á gbó, á tọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn ni kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ bá màmá fa wàhálà. Òótọ́ ni màmá ń sọ, inú èéfín ni wọ́n ti tọ́ ọkọ yín, ó sì yè. Àwọn tó yè la máa ń rí tọ́ka sí. Àwọn tí ò yè, "òtútù ló mú un" la máa ń sọ, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ààrò.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, lásìkò ọyẹ́ báyìí, tí ìyálọ́mọ kan bá gbé ọmọ wọlé, tí ọmọ ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, tí abẹ́ ìhà ẹ̀ ń wọnú, kí n tó bèèrè ohunkóhun ni òórùn igi á ti máa bọ̀ lára ọ̀já tó fi pọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ọ̀já nìkan o, tẹ́ ẹ bá gbé imú sún mọ́ irun orí ọmọ náà fúnra ẹ̀, èéfín ni.

Èéfín tó ń ta yín lójú yẹn kọ́ ló burú jù. Àwọn èérún kan wà nínú ẹ̀ tó kéré débi pé ojú ò lè rí wọn, PM2.5 làwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, irun imú ò lè dá wọn dúró, ikọ́ ò lè kó wọn jáde, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró pátápátá ni wọ́n ń bọ́ sí, wọ́n á mú kí ibẹ̀ wú, wọ́n á sì sọ àwọn ohun tó ń bá wa gbógun ti àìsàn níbẹ̀ di ọ̀lẹ. Kòkòrò òtútù àyà tó bá wá dé, kò sẹ́ni tó máa lé e. Ọmọdé sì ń mí léraléra ju àgbà lọ, ẹ wo àyà ẹ̀ nígbà tó bá ń sùn ẹ máa rí i, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò tíì dàgbà tán, ẹ wá pọ̀n ọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí agbada gàrí láti àárọ̀ dọ̀sán.

Kì í ṣe Iléṣà nìkan. Àwọn tó ń fi igi, èédú, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ, pòròpórò tàbí kẹrosíìnì dáná láyé yìí tó bílíọ̀nù 2.1. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ní lọ́dún 2020, èéfín inú ilé pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún tó wà nínú wọn lé ní 237,000. Nínú gbogbo ọmọ ọjọ́ orí yẹn tí òtútù àyà ń pa, tá a bá kó 100 jọ, 44 ló jẹ́ pé èéfín ilé lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ọmọ tó bá ń gbé inú ẹ̀, ewu pé ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ á ṣàìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíì. Ilé ìdáná tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé kó jáde, èérún inú ẹ̀ lè tó ìlọ́po 100 iye tó yẹ kéèyàn fà símú.

Mi ò ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú gàrí, kí lẹ máa jẹ? Àmọ́ ọmọ yẹn ò gbọ́dọ̀ dé ibi ààrò mọ́ lásìkò tẹ́ ẹ bá ń dín in, ẹ gbé e fún màmá tó ní èéfín ò pa èèyàn, kí wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Tẹ́ ẹ bá lè gbé ààrò kúrò nínú ilé oníhò kékeré yẹn sí abẹ́ àtíbàbà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí, ẹ gbé e. Ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kì í ṣe ibi tó ń gbé èéfín lọ. Igi tútù lọ̀tá yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi dáná. Ẹni tó bá lè mọ ààrò tó ní ihò tó ń gbé èéfín gba òrùlé jáde, ó dáa gan-an, wọ́n dán irú ẹ̀ wò ní Guatemala, àwọn ọmọ tí òtútù àyà tó le koko mú dín kù níbẹ̀, òtútù àyà lápapọ̀ ni ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, torí èéfín náà ò tán, ó kàn dín ni. Ẹ rí i pé ọmọ gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀. Tó bá tún ń mí kíákíá, tí abẹ́ ìhà ń wọnú, tí ò gba ọmú tàbí oúnjẹ, ẹ má fi àgbo dán an wò, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ọsibítù Wesley Guild tó wà n'Íléṣà ò kúkú jìnnà sí yín.

Ìbéèrè: Màámi, ẹ bá mi bá ìyàwó mi wí. Lágere ní Ifẹ̀ la wà. Láti Kérésì tó kọjá ni mo ti ra gáàsì, sìlíńdà ńlá, síbẹ̀ obìnrin yìí ṣì ń fi èédú se ẹ̀wà àti ẹran, tí gáàsì bá sì tán, igi ló ń sá lọ bá. Ó ní gáàsì máa ń bú, ó tún ní iyán orí gáàsì ò dùn. Ìjẹ̀ṣà ni. — Baálé Ilé, Lágere

Èsì: Baálé ilé, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó bá fẹ́ gba iyán lẹ́nu Ìjẹ̀ṣà, kó múra sílẹ̀. Iṣu ò kúkú mọ iná tó sè é, ọwọ́ tó gún un ni.

Àmọ́ kí n tó bá ìyàwó yín wí, ìbéèrè kan wà fún ẹ̀yin náà o. Sìlíńdà lẹ rà. Ta ló ń rọ gáàsì sínú ẹ̀? Mo bèèrè torí pé lẹ́tà yín sọ "tí gáàsì bá tán", kò sọ iye ìgbà tẹ́ ẹ gbé e lọ rọ. Ìjọba India ṣe irú nǹkan yìí lọ́dún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ujjwala, wọ́n ń fún àwọn obìnrin tálákà ní gáàsì, nígbà tó fi máa di 2019 wọ́n ti fún ilé bíi mílíọ̀nù 80, nǹkan ńlá ni, mi ò rírú ẹ̀ rí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí ti àkọ́kọ́ tán, owó àtirọ òmíì ò sí, wọ́n padà sídìí ìgbẹ́ màlúù àti igi, sìlíńdà wà ní kọ̀rọ̀ ilé bí ọ̀ṣọ́. Gáàsì téèyàn rà ò dín èéfín kù, iná igi téèyàn pa ló ń dín in kù. Ilé tó bá ń lo gáàsì láàárọ̀, tó ń fi èédú se ẹ̀wà lọ́sàn-án, tó dá igi lálẹ́, ilé eléèéfín ṣì ni, bó ti wù kí sìlíńdà tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá. Àwọn oníwàdìí kan lọ sí Guatemala, India, Peru àti Rwanda, ilé aláboyún bíi 3,200, wọ́n fún ìdajì wọn ní gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún ń rọ ọ́ fún wọn. Èéfín dín kù lóòótọ́ nínú ilé yẹn, àmọ́ bí ọmọ tí wọ́n bí ṣe wúwo tó ò yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń dáná igi, òtútù àyà náà ò dín. Àwọn kan ti ń fìyẹn sọ pé gáàsì ò wúlò. Èmi ò gbà. Oyún ti wà nínú kí wọ́n tó gbé gáàsì dé, aládùúgbò ọ̀tún ń dáná igi, tòsì ń jó pàǹtí, ibo ni ọmọ náà fẹ́ sá sí? Ohun tó kọ́ mi ni pé gáàsì ilé kan ṣoṣo ládùúgbò ò tó.

Ẹ wá wo ti Ìbàdàn. Wọ́n kó aláboyún 324 tó ń lo igi tàbí kẹrosíìnì jọ, wọ́n fún ìdajì ní sítóòfù ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìdajì ń bá ìdáná wọn lọ. Èsì ẹ̀ jáde ní 2017. Lára àwọn tó gba ẹ́tánọ́ọ̀lù, àwọn tẹ́jẹ̀ wọn ru dórí àìsàn ò ju bíi 2 nínú 100, lára àwọn yòókù, ó lé ní 6. Ibi tí mo ti mú ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí nìyẹn o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé láti bú mi.

Ní ti pé gáàsì ń bú, ẹ̀rù tó ń bà á tọ̀nà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé sìlíńdà síta, kó dúró gbọọrọ, ẹ má dùbúlẹ̀ ẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ olómi pa ẹnu ibi tí páìpù ti so mọ́ ọn, tó bá ń hó kúlúkúlú, ó ń jò nìyẹn. Ìṣáná lẹ kọ́kọ́ máa ṣá kẹ́ ẹ tó ṣí gáàsì. Òórùn tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn, wọ́n dìídì fi sí i ni, torí gáàsì fúnra ẹ̀ ò ní òórùn, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á, ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ jáde. Ẹ tì í lórí sìlíńdà tẹ́ ẹ bá ń lọ sùn. Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ ra ìkòkò préṣọ̀ fún un, gáàsì tó máa lọ sí i ò ní tó nǹkan. Ìkòkò préṣọ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa rà á o, sà.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Stúdẹ́ǹtì ni mí, ìta kámpọ́ọ̀sì là ń gbé nífẹ̀ẹ́ níbí. Kọ́ridọ̀ la máa ń tan jẹnẹrétọ̀ sí kí wọ́n má jí i, nígbà ọyẹ́ a tún máa ń gbé àdògán èédú wọnú yàrá kára lè móoru. Orí máa ń fọ́ wa láàárọ̀, rúùméètì mi bì lọ́jọ́ kan, a lo oògùn ibà, kò lọ, àmọ́ tá a bá ti dé kíláàsì ara á yá. Kí ni? — Stúdẹ́ǹtì Ifẹ̀

Èsì: Ọmọ mi, tó o bá ń ka èyí lọ́wọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ṣì wà ní kọ́ridọ̀, lọ pa á ná, kó o tó padà wá kà á parí.

Ìwọ fúnra ẹ ti dáhùn ìbéèrè ẹ: inú yàrá ó ń fọ́, ní kíláàsì ó lọ. Ibà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Carbon monoxide ni, gáàsì olóró kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń tú u jáde, èédú tó ń jó náà ń tú u jáde, kódà nígbà tí èédú bá ti pọ́n rẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ rò pé èéfín ti tán. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: atẹ́gùn tí à ń mí ń wọ ẹ̀jẹ̀ bí èrò ṣe ń wọ takisí, kinní yìí á ṣáájú ẹ̀ jókòó, agbára tó fi di àga mú ju ti atẹ́gùn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kò ní sọ̀ bọ̀rọ̀. Orí á fọ́, òòyì á kọ́ọ̀yàn, èébì, ara á wúwo, oorun á gbé e lọ. Ẹni tó bá sùn lọ nínú ẹ̀ lè máà jí. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ la gbọ́ ọ ní Nàìjíríà pé wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn wọlé láàárọ̀ tí wọ́n bá odindi ìdílé nílẹ̀.

Fèrèsé kan tẹ́ ẹ ṣí ò tó. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ilé pátápátá, kó jìnnà, kí ẹnu èéfín ẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé yín àti ti aládùúgbò. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀. Èédú ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá mọ́, ẹ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí orí bá tún fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá, ẹ sá síta, kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà pé ẹ sún mọ́ jẹnẹrétọ̀, torí tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, oògùn ibà náà ni wọ́n lè tún kọ fún yín.

Ìbéèrè: Ìyá mi ti lé ní 65, ẹja yíyan ni iṣẹ́ wọn látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọn ò mu sìgá rí láyé wọn. Báyìí tí wọ́n bá rìn láti ilé dé ẹnu títì, wọ́n á dúró mí. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn dà bí ti ẹni tó ń mu sìgá. Àwọn ará ilé ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe wọ́n ni. Wọn ò ríran dáadáa mọ́ náà. — Ọmọ Oníṣòwò, Modákẹ́kẹ́

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí màmá. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan ṣe wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ yín ni. Èéfín ẹja tàbí ti igi, ẹ̀dọ̀fóró ò bèèrè bóyá ẹnu sìgá ló ti wá.

Agbègbè kan wà ní Ṣáínà tó ń jẹ́ Xuanwei, ní Yunnan, inú ilé ni wọ́n ti máa ń jó èédú inú ilẹ̀ tó léèéfín gan-an, láìsí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í mu sìgá, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa wọ́n ju ti obìnrin ibi tó pọ̀ jù lọ ní Ṣáínà. Nígbà tí wọ́n fi ihò èéfín sí ààrò wọn, àìsàn náà dín kù. Kò sẹ́ni tó ṣe ètùtù kankan.

Jẹjẹrẹ kọ́ ló tiẹ̀ ń pa èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tá a bá kó 100 èèyàn tí èéfín ilé pa jọ, WHO ní àìsàn ọkàn ló pa 32, rọpárọsẹ̀ pa 23, òtútù àyà àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pa 21, irú èyí tó ń ṣe màmá yín yìí, tí ọ̀nà èémí ń dí díẹ̀díẹ̀, pa 19, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa 6. Ojú náà wà nínú ẹ̀, kinní funfun tó ń bo ẹyinjú yẹn máa ń tètè mú àwọn obìnrin tó bá pẹ́ nídìí èéfín. Ti ojú ni ìròyìn ayọ̀, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ kí wọ́n sì ríran, ẹ mú wọn lọ sí kíníìkì ojú.

Ti ẹ̀dọ̀fóró, mi ò ní parọ́ fún yín, ohun tó ti bàjẹ́ ò ní padà bọ̀ sípò. Àmọ́ ó lè dúró síbi tó dé. Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ní kéèyàn fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ, ìyẹn ló máa sọ bó ṣe le tó. Inhélà tí wọ́n bá fún wọn, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi bí wọ́n ṣe ń fà á hàn wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fín in sí ahọ́n lásán. Kí wọ́n sì kúrò nídìí ẹja. Mo mọ̀ pé ibi tí ìjà máa ti bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ti ń ṣe òwò láti ọjọ́ yìí ò ní fẹ́ jókòó sílé. Kí ẹlòmíì máa yan án, kí wọ́n máa tà á lọ́jà, owó ń wọlé, àyà ń sinmi.

Ìbéèrè: Kọ́ìlì ẹ̀fọn àti àtùpà kẹrosíìnì ńkọ́, ṣé àwọn náà ń ṣèèyàn ní nǹkan? — Olùkàwé, Iléṣà

Èsì: Wọ́n ń ṣe é. Kọ́ìlì yẹn, èéfín ni, ẹ wá tì í mọ́nú yàrá pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ láti alẹ́ mọ́jú. Nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ lò, tí kọ́ìlì bá sì pọn dandan, ẹ tan án nírọ̀lẹ́ kí ọmọ tó wọlé, kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tó sùn. Kẹrosíìnì ní tiẹ̀, láti 2014 ni WHO ti ní káwọn èèyàn má lò ó nínú ilé mọ́, ì báà jẹ́ fún ìdáná tàbí àtùpà. Iná sólà kékeré dáa jù ú lọ fíìfíì.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un, torí mo ti rí i lójú ara mi láìmọye ìgbà: ẹ má rọ kẹrosíìnì sínú ìgò mínírà. Ọmọdé á rò pé mínírà ni, á gbé e mu. Tó bá ti mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má jẹ́ kó bì í, torí nígbà tó bá ń bì ni kẹrosíìnì máa gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pa á. Ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí kúrò lára ẹ̀, ẹ fọ ara ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ mú ìgò náà dání.